Àwòrán Bàálù Tí Bàbá Yà fún Tọ́lá

Ablogamé, Lomé
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1992

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti gbà kí ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìmú ọ̀pá? Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé Yọ̀mí ti ń rá, ó ti yọ eyín méjì nísàlẹ̀, ọmú mi ló sì fi ń dán wọn wò.

Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ fi ìròyìn ayọ̀ kún ojú ìwé yìí kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn bàálù kékeré kan ti ń fò lórí wa láràárọ̀. Wọ́n á ti ojú òkun wá, wọ́n á kọjá lórí Ablogamé, wọ́n á dé ọ̀nà Avépozo, wọ́n á yí padà. Wọ́n máa ń fò wálẹ̀ débi pé ṣíbí á máa dún nínú ife. Àwọn ará ilé ní bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn sójà níṣẹ́ ni. Tọ́lá ti sọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì di yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Kódà bó jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ló dún, á ju búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa ké pé kí n gbé àbúrò òun wá.

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé Yọ̀mí lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ kò sí, òwú kò sí, kí n lọ rà á wá níta. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ni agbowó-ọjà já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi nídìí àtẹ aṣọ ọmọdé mi, tí mo sanwó láìjiyàn. Ibi tí àwa ìyá ọmọ tò sí la wà tí bàálù fi kọjá. Obìnrin ẹ̀yà Mina kan lẹ́yìn mi nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wa ló ń fò lọ yẹn." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rọra o. Ògiri létí."

Mo sọ ọ́ fún bàbá Tọ́lá bí àwàdà. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé èbúté ló ti ń ṣe akọ̀wé, kò sí nǹkan tí kì í fẹ́ mọ iye rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ìpàdé àdúgbò, ó dìde níwájú èèyàn bí ọgọ́rùn-ún, ó ní kí wọ́n sọ iye epo tí bàálù ìkọ́ṣẹ́ kan ń mu láàárọ̀ kan, kí àwa tí à ń san owó orí lè fi wé iye abẹ́rẹ́ ọmọdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Èmi ò pa tèmi. Mo rí ọkùnrin kan létí ilẹ̀kùn tó ń kọ nǹkan sínú ìwé péńpé.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mẹ́rìnlélógún tún bàálù ìkọ́ṣẹ́ ṣe lókè Ọya, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé nǹkan yìí tó owó tí wọ́n ń ná lé e lórí? Àbí ọkọ mi kàn ń fi ẹnu fa wàhálà ni? Ẹ má pẹ́ dáhùn.

Ọmọ yín,
Àrìnkẹ́


Ìnísà
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1992

Àrìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Orúnkún mi wà bó ṣe wà, mo ṣì ń tiro. Inú ìyá rẹ dùn sí eyín Yọ̀mí, ó ní kí o má gbàgbé àǹkárá méjì tí o ṣèlérí láti ọdún Àjíǹde, pé ti Lomé kì í tètè ṣá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ. Ta ló rán Láńrewájú níṣẹ́? Mo mọ̀ pé Lomé ni wọ́n bí i sí, káàdì ìlú náà ló sì ní. Ṣùgbọ́n Ìnísà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé àpótí lọ síbẹ̀. Bí onílé bá ń jà, àlejò a máa mọ ibi tí bàtà òun wà. Sọ fún un pé mo ní kó jókòó.

Ìbéèrè rẹ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó tó owó rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Ọdún kan wà tí àwọn ọ̀gá wa ní bàálù ìkọ́ṣẹ́ ń jẹ owó jù. Wọn ò ra epo, wọn ò ra ohun tí a ó fi tún wọn ṣe. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń nù wọ́n lásán bí ẹni ń nu òkú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa wa bàálù ńlá lọ, pé ọwọ́ wọn á rántí. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn mi. Èmi ni mo so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fún un jù, mo jẹ mọ́ínmọ́ín yó." Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí bàálù rẹ̀ já lulẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá gba àpótí rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n bá a gbé e dénú ọkọ̀.

Inú bàálù kékeré ni ọmọ ti lè ṣàṣìṣe, kí olùkọ́ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ó wọ́n, kó lọ bi ìyá ọmọ yẹn léèrè ohun tó wọ́n.

Nítorí náà má bẹ̀rù. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ kì í gbé ohun ìjà. Gbé Tọ́lá jáde, kó juwọ́ sí wọn. Ọmọ èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì lè máa ba òun náà.

Bàbá rẹ


Ablogamé, Lomé
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Nòfẹ́ńbà, 1992

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Ìwé yìí kò ní sítáǹbù nítorí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ tì. Gbogbo nǹkan ló tì. Láti ọjọ́ Ajé ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, grève ni gbogbo ẹnu ń wí: èbúté, báńkì, ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ títí tí àwọn tó di ìjọba mú á fi jẹ́ kí aráàlú yan ẹni tó wù wọ́n. Àdìgún awakọ̀, ọmọ ìlú wa tó ń ná Lomé sí Òṣogbo, ló ń bá mi mú un bọ̀.

Ìtàn ọmọ yẹn pa mí lẹ́kún. Mo kà á fún bàbá Tọ́lá. Ó wá ní, "Òótọ́ ni Bàbá sọ. Bí sójà bá máa fò, kó kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n, ta ni àwọn wọ̀nyí ń kọ́ṣẹ́ dè? Ghana ni àbí Bẹ̀nẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ orí ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?" Bàbá, mo bi yín.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí o. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹta grève, mo gbé Tọ́lá sí èjìká jáde sójú títì. Bàálù méjì dé. Ọmọ náà juwọ́ sí wọn, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo rí i: nǹkan gígùn méjì ń rọ̀ lábẹ́ apá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnu wọn rí ṣóńṣó. Ẹ ní wọn kì í gbé nǹkan dání. Kí ni ìyẹn? Gbogbo ẹni tó wà lójú títì ló dojú bolẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lé ọmọ mi lórí, iyanrìn kún un lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, wúyẹ́wúyẹ́ ni Tọ́lá ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń béèrè omi, àfi kí n gbé etí sí i lẹ́nu.

Kò tán síbẹ̀. Ọkùnrin méjì wá sí ilé wa láná. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Bonjour, madame, ça va?" Wọ́n béèrè ọkọ mi bí ẹni béèrè ọ̀rẹ́. Mo ní ó lọ kí ọlọ́fọ̀ kan ní Adakpamé. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fọwọ́ pa Yọ̀mí lórí, wọ́n lọ. Mo fi ọṣẹ wẹ orí ọmọ náà.

Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ bọ̀ wá sílé. Bàbá Tọ́lá ní ẹni tó bá sá lásìkò yìí ti bá àwọn sójà ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ sọ fún mi: kí n máa bọ̀ ni àbí kí n dúró? Ohun tó wà lábẹ́ apá yẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ bọ́ǹbù ni, mi ò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó gbéra.

Ọmọ yín,
Àrìnkẹ́


Ablogamé
Ogúnjọ́ oṣù Dìsẹ́ńbà, 1992

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra Kérésì. Àdìgún lọ, ó dé, ó tún ń lọ, kò mú ìwé yín wá. Ó ní òun fi tèmi lé yín lọ́wọ́, pé ẹ kà á lójú òun, ẹ mi orí, ẹ wọlé lọ. Kí lẹ mi orí sí? Ṣé torí mo ní mi ò ní gbàṣẹ lẹ fi ń bínú? Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá Tọ́lá kì í sí nílé mọ́ tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Bàálù ò tíì wá láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀rù ìyẹn tún ń bà mí ju ìgbà tí wọ́n ń wá lọ. Mo di ẹrù àwọn ọmọ, mo tú u, mo tún dì í. Ẹ kọ ìlà kan péré. Dúró, tàbí máa bọ̀.

Àrìnkẹ́


Ìnísà
Ọjọ́ kẹrin oṣù Jánúárì, 1993

Àrìnkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Kì í ṣe ìbínú. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí kò dá mi lójú fún ọ; a kì í fọwọ́ sí bàálù tí a kò yẹ̀ wò. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣogbo tí a jọ ṣiṣẹ́, àwa méjèèjì fi ohun tí o kọ wé ohun tí a mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Táǹkì epo ni. Wọ́n ń so ó mọ́ abẹ́ apá kí bàálù lè pẹ́ lókè. Bọ́ǹbù kúrú, ó sì ní irin mẹ́rin tó rí bí ewé nídìí. Táǹkì gùn, ìdí rẹ̀ sì dán.

Mo ti ya àwòrán rẹ̀ fún Tọ́lá. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, torí ọwọ́ mi kò dúró bíi tàtijọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà yà á: iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́. Mo fi ọfà tọ́ka sí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, mo kọ nọ́ńbà sí i láti oókan dé mọ́kànlá; táǹkì epo ni nọ́ńbà keje. Mo ya bọ́ǹbù sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè mọ ìyàtọ̀. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tó ti lè máa wò ó láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yẹn. Ohun tí ọmọdé bá ti mọ orúkọ rẹ̀ kì í bà á lẹ́rù pẹ́.

Ní ibi iṣẹ́ wa, ìwé kankan kì í jáde láìní orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, àti ẹni tó ṣe é fún. Bí mo ṣe ṣe èyí náà nìyẹn. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: David, mẹkáníìkì àgbà fún àwọn sójà òfuurufú, ló yà á fún Tọ́lá ọmọ Láńrewájú, Ablogamé. Tó bá dàgbà, á mọ̀ pé bàbá ìyá òun mọ iṣẹ́.

Dúró sílé ọkọ rẹ. Obìnrin kì í torí táǹkì epo tú ilé rẹ̀ ká. Àdìgún ló ń mú un bọ̀, mo ní kó má ṣe ká a ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Bàbá rẹ


Avépozo
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Jánúárì, 1993

Bàbá mi,

Mi ò ní kí yín pẹ́. Mi ò rí ìwé yín, mi ò rí àwòrán. Ẹnu Alájà Ràbíátù tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà ńlá ni mo ti gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n jókòó níwájú nínú ọkọ̀ Àdìgún.

Wọ́n ní lójú ọ̀nà Aného, nígbà tí wọ́n ti wọ Togo tán, àwọn kan tó gbé ìbọn dá wọn dúró, wọ́n ń tú àpò. Wọ́n rí ìwé yín, wọ́n tẹ́ àwòrán sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "C'est quoi, ça?" Àdìgún ní, "Bàálù ni, ọ̀gá mi. Ohun ìṣeré ọmọdé." Èyí tó dì í mú ní, "Ọmọdé wo ló fẹ́ mọ ibi tí táǹkì epo wà?" Wọ́n pe ọ̀gá wọn. Ìyẹn fi ìka ka nọ́ńbà yín látorí oókan dé mọ́kànlá, ó wá tẹ ìka náà mọ́ bọ́ǹbù. Wọ́n ní kí Àdìgún máa túmọ̀ lẹ́tà yín sí Faransé, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, ìbọn wà ní ìhà rẹ̀.

Alájà ní, "Àrìnkẹ́, mo gbìyànjú o! Mo ní, ọmọ mi, bàbá arúgbó ló ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ó wò mí bí ẹja tó ti jẹrà. Ó ní, 'La vieille, jókòó.' Èmi Ràbíátù, la vieille, ìyá arúgbó! Tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tìróò!" Alájà rẹ́rìn-ín díẹ̀, omijé sì bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n pè é ní espion, amí. Wọ́n wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ló gbé àwa tó kù wálé. Orúkọ ọkọ ẹ wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn, àti àdúgbò yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á sókè. Dìde, ọmọ yìí. Má dúró se nǹkan kan."

Mo pọn Yọ̀mí, mo fa Tọ́lá lọ́wọ́, mo jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dé ilé wa, aládùúgbò ní wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì dojú bolẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó apẹja kan tó máa ń ra aṣọ ọmọ lọ́wọ́ mi la wà níbí. Mo ránṣẹ́ sí bàbá Tọ́lá, ó di ọjọ́ kejì, mi ò gbúròó rẹ̀.

Bàbá, kí ló ṣe yín? Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ọkọ mi pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ bàálù àti bọ́ǹbù, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìlú tí wọ́n ti ń wá a. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Àdìgún wà lọ́wọ́ wọn, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún oṣù méje.

Lọ́la la ó gba etí òkun lọ sí Kútọnu, ọ̀dọ̀ Bíọ́dún ẹ̀gbọ́n bàbá Tọ́lá. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Alájà ń lọ sílé wọn ní Ìwó, àwọn ló ń bá mi mú èyí bọ̀. Inú gèlè ni wọ́n dì í sí.

Àrìnkẹ́


Ìnísà
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Jánúárì, 1993

Àrìnkẹ́ ọmọ mi,

Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé rẹ. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, oúnjẹ nìkan ló ń gbé kalẹ̀.

Ẹni tó bá fọwọ́ sí iṣẹ́ ló ń dáhùn fún un. Wọn kì í mú awakọ̀ tó bá a gbé e. Mo ti kó ìwé ìfẹ̀yìntì mi àti fọ́tò tí mo ti wọ aṣọ iṣẹ́, mo sì ti ya àwòrán náà lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè fi wé ti àkọ́kọ́, kí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi ni. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ni mò ń gbéra. Ibi tí wọ́n ti mú Àdìgún ni mò ń lọ tààrà. Mi ò ní yà ní Kútọnu, torí bí mo bá rí ojú rẹ, o ó dá mi dúró.

O bi mí nígbà kan bóyá ó tó owó rẹ̀. Ọmọ tó kú ni mo fi dá ọ lóhùn, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó. Láti kékeré iṣẹ́ mi ni mo ti gbà pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lókè, torí ẹni tó sanwó nísàlẹ̀ ló ṣe ń kọ́ ọ. Bí ẹni tó sanwó bá wá ń dùbúlẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí nítorí rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìyẹn. Ọkọ rẹ béèrè ohun tó yẹ kí èmi ti béèrè. Bá mi sọ fún un.

Bàbá rẹ


Ẹnubodè Hilla-Condji, apá Bẹ̀nẹ̀
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Jánúárì, 1993

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn. Àná, ọjọ́ tí ẹ gbéra gan-an, ni ìwé yín dé ọwọ́ mi. Mi ò lè fi èsì bá yín nílé mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ Lomé ló ń dúró níbí kí ó tó sọdá, ìdí nìyẹn tí mo fi wá.

Wọ́n ti tú Àdìgún sílẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lọ bẹ̀bẹ̀ títí. Ó wá bá wa ní Kútọnu. Mẹ́ta nínú ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é ká. Mo kúnlẹ̀ fún un nítorí yín, ó ní kí n dìde, pé kì í ṣe èmi. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi òun láràárọ̀: sójà arúgbó tó ya àwòrán yìí, ibo ló wà? Wọ́n gbà pé ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan ló rán yín. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wá, Bàbá. Ìwé ìfẹ̀yìntì, fọ́tò, àwòrán kejì, gbogbo ohun tí wọ́n ń wá kiri lẹ dì sínú àpò, tí ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ ara yín gbé lọ bá wọn.

Bàbá Tọ́lá ti dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n yìnbọn sáàárín èrò ní Lomé lọ́jọ́ Ajé, ó rìn ní etí òkun títí dé Aného. Ó wà ní òdìkejì títì báyìí, ó ń wo inú ọkọ̀ tó bá ti dúró. Mo ka ohun tí ẹ ní kí n sọ fún un. Ó ní kí n wá aṣọ tó hàn wọ̀, kí ẹ lè tètè rí mi.

Èèyàn ń ti Lomé bọ̀ bí omi, mátírẹ́ẹ̀sì lórí, ewúrẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ ló ṣófo. Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kí rírí yín rọrùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́ta ti kọjá kí n tó dé láàárọ̀, awakọ̀ kan sì sọ pé òun rí bàbá kan tó di fáìlì mọ́ àyà nínú ọ̀kan. Mi ò bi í bóyá bàbá náà ń tiro.

Ẹ̀dà mẹ́fà ni mo kọ ìwé yìí. Mo pín in fún àwọn awakọ̀ tó ń ná Kútọnu sí Lomé, kí wọ́n fún bàbá arúgbó yòówù tó bá ń sọ Yorùbá. Mo bẹ̀ wọ́n pé bí wọn ò bá rí yín, kí wọ́n fà á ya kí wọ́n tó sọdá, kò gbọdọ̀ wọ Togo.

Bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ ò tíì sọdá nìyẹn. Ẹ má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Àrìnkẹ́